Ẹjọ́ àwọn agbẹ̀bí ọkùnrin ní Ìlú Ọba, 1975 sí 1983

Títí di ọdún 1975, kò sí ọ̀nà tí ọkùnrin lè gbà di agbẹ̀bí tí òfin mọ̀ ní Ìlú Ọba. Òfin Agbẹ̀bí ti 1902, èyí tó kọ́kọ́ ṣètò iṣẹ́ náà fún England àti Wales, obìnrin ló dárúkọ láti òkè délẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ fi ìgbẹ̀bí ṣiṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, kó ṣèdánwò, kó gba ìwé ẹ̀rí, kí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé tí ìgbìmọ̀ Central Midwives Board ń tọ́jú. Ti ọkùnrin ò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo òfin agbẹ̀bí jọ sójú kan ní 1951, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí.

Ilẹ̀kùn yẹn ṣí díẹ̀ ní 1975, ó sì ṣí gbayawu ní 1983. Láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn, ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Aṣòfin, ó dé ọsibítù, ó sì gba ilé-ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg kọjá. Mo fẹ́ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ìjà tí wọ́n jà nígbà yẹn ni àwa náà ń jà lónìí, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Ìbàdàn, nígbàkigbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan bá wọ yàrá ìrọbí tó ní òun ni agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹjọ́ náà ṣe parí kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú nǹkan kan kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ pé òfin ò jẹ́ kí ọkùnrin gbẹ̀bí lè rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí ọkùnrin dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń rọbí ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ọkùnrin ti wà níbẹ̀. Ìdílé kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Chamberlen, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó sá kúrò ní Faransé wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1569. Àwọn ni wọ́n ṣe ẹ̀mú irin alápá méjì tí wọ́n fi ń gbá orí ọmọ mú, tí wọ́n á sì fà á jáde nígbà tí ọmọ bá há. Ohun rere ni irinṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n fi ṣe ni kò dára: wọ́n fi ṣe àṣírí ìdílé fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, baba ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìtàn sọ pé inú àpótí ńlá ni wọ́n máa ń gbé e sí wọlé, wọ́n á lé àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ síta, wọ́n á fi aṣọ di ojú ìyá tó ń rọbí pàápàá. Aboyún ń kú, ọmọ ń kú, ohun tó lè gba díẹ̀ nínú wọn là wà nínú àpótí. Ọdún 1813 ni wọ́n tó rí àwọn ẹ̀mú náà lábẹ́ pákó ilẹ̀ ilé kan tó ti jẹ́ ti ìdílé yẹn, ní Woodham Mortimer, ní Essex.

Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, àṣírí ẹ̀mú ti tú, ọkùnrin agbẹ̀bí sì ti di ẹni tí àwọn olówó ń ránṣẹ́ pè. William Smellie, ọmọ Scotland, ń kọ́ àwọn ọkùnrin níṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi egungun gidi tí wọ́n fi awọ bò ṣe ère ara obìnrin, òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ń kọ́ bí ọmọ ṣe ń yí wálẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí obìnrin ò dákẹ́. Elizabeth Nihell, tó kọ́ṣẹ́ ní Paris, kọ ìwé kan jáde ní 1760 láti fi dojú kọ wọn. Ó bú ọwọ́ Smellie pé ó tóbi jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ̀sùn kan àwọn ọkùnrin pé wọn ò ní sùúrù, pé irin ni wọ́n ń yára fà yọ níbi tí ó yẹ kí wọ́n dúró. Mo ti ronú sí ẹ̀sùn yẹn gan-an, nítorí kò kú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń sọ nípa ọsibítù lónìí nìyẹn.

Ọkùnrin borí lápá kan. Àwọn tó ń jẹ́ ọkùnrin agbẹ̀bí di dókítà aláboyún, wọ́n gba oyè, wọ́n gba àga ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Kódà ìwo kékeré tí gbogbo agbẹ̀bí fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ, ọkùnrin ará Faransé kan, Adolphe Pinard, ló ṣe é ní 1895. Nítorí náà, nígbà tí òfin 1902 dé, ọkùnrin ò fìgbà kan kúrò nínú yàrá ìrọbí. Ohun tí òfin ṣe ni pé ó pín iṣẹ́ náà sí méjì. Èyí tó ní àṣẹ nínú, tó ní owó nínú, tó ní irin nínú, ọkùnrin lè ṣe é. Èyí tó jẹ́ kí èèyàn jókòó ti aboyún láti àṣálẹ́ mọ́jú, kó máa pa á lẹ́yìn, kó máa nu òógùn ojú rẹ̀, kó máa palẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ́, obìnrin nìkan ni.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbà pé ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan ni òfin yẹn dá lé. Bó bá jẹ́ ìtìjú ni, dókítà ọkùnrin ni ì bá kọ́kọ́ kàn, nítorí òun ni obìnrin kò tíì rí rí tẹ́lẹ̀, tó máa wọlé lójijì, táá ki ọwọ́ bọ ibi tó ń ki ọwọ́ bọ̀, táá sì jáde.

Ní 1975, Ilé Aṣòfin Ìlú Ọba ṣe òfin tó kọ ojúsàájú láàárín ọkùnrin àti obìnrin lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ àti nínú ọjà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún náà. Obìnrin ni wọ́n fi òfin yìí gbèjà jù lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe irú òfin yìí á bá ìbéèrè kan pàdé lójú ọ̀nà: iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n ń tì síta ńkọ́? Wọ́n wá fi abala kan sínú òfin náà, abala 20, fún àwọn agbẹ̀bí. Ọkùnrin lè di agbẹ̀bí báyìí, àmọ́ òfin tí kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ojúsàájú níbòmíràn kò ní dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí. Títí di ọjọ́ tí mínísítà bá dá, ilé ìwòsàn kan pàtó tí ìjọba fọwọ́ sí ni ọkùnrin ti lè kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti lè ṣe é. Bí ọsibítù tó wà níwájú ilé rẹ̀ ò bá sí nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, a jẹ́ pé kò sí ohun tó lè ṣe.

Kì í ṣe pé àwọn tó fẹ́ kí wọ́n rọra ṣe é kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n á ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́. Àkọ́kọ́, aboyún kì í ṣe ẹrù tí wọ́n fi ń kọ́ ìdọ́gba. Obìnrin tó ń rọbí wà ní ìhòòhò tàbí kó kù díẹ̀, ó ń ké, ó lè bì, ó lè yàgbẹ́ síbi tó dùbúlẹ̀ sí, kò sì ní agbára láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìkejì, ìgbẹ̀bí jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba iṣẹ́ tí obìnrin ti ń ṣe olórí ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti ṣàkíyèsí nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pé ọkùnrin kéré níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n tètè ń dé ipò ọ̀gá. Agbẹ̀bí tó ti rí èyí, tó sì bẹ̀rù pé bí ọkùnrin bá wọlé, wọn ò ní pẹ́ gba àga, kì í ṣe èké ló ń pa. Ìtàn ẹ̀mú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń gbè é lẹ́yìn.

Ẹ wá wo ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́ gan-an. Agbẹ̀bí á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wá ọmọ lára ikùn: ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà, ibi tí orí rẹ̀ wà, bóyá orí ti wọ ìbàdí tàbí ó ṣì ń léfòó. Á gbé ìwo Pinard lé ibi tí ẹ̀yìn ọmọ wà, á fi etí lé e, á mú ọwọ́ kúrò lára ìwo náà kó lè gbọ́ dáadáa, á máa ka ọkàn ọmọ bó ti ń wo aago. Bí ìrora bá dé, á fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ìyá, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìrora á fi kọjá, wákàtí lé wákàtí, apá á máa ro ó. Nígbà tí orí bá ń yọ, á fi ọwọ́ kan dá orí náà dúró díẹ̀ kó má baà já jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á fi ọwọ́ kejì gbá ojú ara ìyá mú kó má ya. Ọmọ á bọ́, á gbé e lé àyà ìyá. Kò ní lọ o. Á dúró de ibi. Nígbà tí ibi bá bọ́, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á wò ó yíká bóyá ó pé, nítorí èyí tó bá já kù sínú lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdúró. Ní Ìlú Ọba, agbẹ̀bí á tún máa dé ilé ìyá ìkókò fún ọjọ́ 10 ó kéré tán, ó sì lè tó 28: á wo ibi tí wọ́n rán, á wo ìdodo ọmọ, á jókòó sórí ibùsùn láti fi bí ọmọ á ṣe gbá ọyàn mú han ìyá tó ń sunkún.

Kò sí èyí tí ọkùnrin ò lè kọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ kò tún sí èyí tí obìnrin ò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tí òun fẹ́ kó ṣe é fún òun. Gbólóhùn méjèèjì yìí, òótọ́ ni wọ́n, ibi tí wọ́n ti pàdé sì ni ẹjọ́ náà wà.

Ìlú Ọba ti wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù láti 1973. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì 1976, ẹgbẹ́ náà gbé ìlànà 76/207 jáde pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ máa fi ojú kan náà wo ọkùnrin àti obìnrin nínú gbígba iṣẹ́, kíkọ́ iṣẹ́ àti ìgbéga. Ìlànà náà fàyè sílẹ̀: bí iṣẹ́ kan bá wà tó jẹ́ pé bí ó ṣe rí tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é mú kí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin di ohun tó pọn dandan, orílẹ̀-èdè lè yọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó kàn gbọ́dọ̀ máa padà yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà bóyá ìdí náà ṣì wà.

Àjọ Alákòóso Yúróòpù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé orílẹ̀-èdè pa ìlànà mọ́, pe Ìlú Ọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ 165/82 ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ nípa àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ìkejì jẹ́ nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé oníkálukú àti ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò ju 5 lọ, tí òfin 1975 ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìkẹta ni ti agbẹ̀bí. Ìlú Ọba jẹ̀bi nínú àwọn méjì àkọ́kọ́, mi ò sì ní fi wọ́n gba àyè níbí.

Lórí ti agbẹ̀bí, ohun tí ìjọba Ìlú Ọba gbé lọ síwájú ilé-ẹjọ́ kò ṣòro láti lóye. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ọkùnrin kì í ṣe lórílẹ̀-èdè àwọn ni, pé ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe ń rí lára aláìsàn ṣe pàtàkì níbẹ̀ gan-an, pé àwọn ń gbà á ní ìpele ìpele, àwọn ò sì yé yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ilé-ẹjọ́ yẹn, kí àwọn adájọ́ tó jókòó ṣèdájọ́, amòfin àgbà kan máa ń gbé èrò tirẹ̀ kalẹ̀ ní gbangba lórí bó ṣe yẹ kí ẹjọ́ lọ. Àwọn adájọ́ lè tẹ̀ lé e, wọ́n sì lè má tẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣe é nínú ẹjọ́ yìí ni Simone Rozès, ará Faransé, obìnrin àkọ́kọ́ tó wà nípò yẹn. Ohun tó sọ ni mo fara mọ́ jù nínú gbogbo ìwé ẹjọ́ náà. Kò gbà pé ìtìjú aboyún ń bèèrè pé kí wọ́n ti ọkùnrin síta. Bí ẹ bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún bí nǹkan ṣe ń rí lára obìnrin, ẹ jẹ́ kó yan ẹni tó fẹ́. Ó tán.

Àwọn adájọ́ ò tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 1983, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn gbà pé ní àkókò tí àwọn wà yẹn, bí nǹkan ṣe ń rí lára èèyàn lè kó ipa ńlá láàárín agbẹ̀bí àti ẹni tó ń tọ́jú, nítorí náà Ìlú Ọba ò tíì kọjá ààlà ohun tí ìlànà fàyè gbà. Wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ nípa ẹjọ́ yìí kì í mẹ́nu kàn ni pé nígbà tí ìdájọ́ yẹn fi máa jáde, Ìlú Ọba ti fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti ṣe ìwádìí méjì lórí bí àwọn agbẹ̀bí ọkùnrin àkọ́kọ́ ṣe ń ṣe, ìròyìn wọn jáde ní 1982. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba pàṣẹ àtúnṣe sí abala 20. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 1983, ọkùnrin lè kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí níbikíbi, kó sì ṣe é níbikíbi, bíi ti obìnrin. Oṣù méjì àti díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ilé-ẹjọ́ wá sọ fún wọn pé ìdènà tí wọ́n ti gbé kúrò lọ́nà kò lòdì sófin nígbà tó wà níbẹ̀.

Èyí ló fà á tí mo fi sọ pé ìparí rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹjọ́ náà parí láì dáhùn ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀. Àwọn adájọ́ lo ọ̀rọ̀ "bí nǹkan ṣe ń rí lára obìnrin" láti fi dáàbò bo òfin kan, nígbà tó jẹ́ pé òfin náà ò fún obìnrin kankan ní ẹ̀tọ́ láti yan ohunkóhun. Obìnrin tó fẹ́ agbẹ̀bí ọkùnrin kò lè rí i, àyàfi ní ìwọ̀nba ilé ìwòsàn tí ìjọba fọwọ́ sí. Obìnrin tí kò fẹ́ dókítà ọkùnrin kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà nínú rẹ̀. Òfin 1975 kan náà sì ti ní ojú ọ̀nà mìíràn fún ìtìjú: abala 7 sọ pé bí iṣẹ́ kan bá ní fífọwọ́ kan ara èèyàn nínú, tí ẹni náà sì lè lòdì sí i pé ọkùnrin ló ń ṣe é, agbanisíṣẹ́ lè ní obìnrin ni òun fẹ́ sí ipò yẹn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìdènà gbogbo gbòò wà fún? Ní Faransé, orílẹ̀-èdè Rozès fúnra rẹ̀, wọ́n ti fi òfin ṣí iṣẹ́ agbẹ̀bí fún ọkùnrin ní 1982, ọ̀run ò sì já.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà tó bá wọn lọ, wọ́n á sọ fún yín bí ó ti dùn tó láti kọ SRN, SCM sẹ́yìn orúkọ wọn: nọ́ọ̀sì tí ìjọba mọ̀, agbẹ̀bí tí ìjọba mọ̀. SCM yẹn ló máa ń sọ wọ́n di mátírọ́nì nílé, òun náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè dá ilé ìgbẹ̀bí tiwọn sílẹ̀. Ọkùnrin tó bá wọn wọ ọkọ̀ kan náà, tó jókòó sí kíláàsì kan náà, lè gba SRN. Kò lè gba SCM. Bó bá délé, tí abúlé rẹ̀ ò ní dókítà, tí aboyún bá sì dé lóru, ìmọ̀ tí kò jẹ́ kí aboyún kú ni wọn ò fi kọ́ ọ.

Nílé wa náà, a pín iṣẹ́ yìí, bí a ṣe pín in ló yàtọ̀. Ọwọ́ ọkùnrin wà nínú oyún láti ìbẹ̀rẹ̀. Babaláwo ló ń dífá fún aboyún, oníṣègùn ló ń se àsèjẹ, tó ń po àgbo, tó ń fún un ní abíwẹ́rẹ́ kó lè sọ̀ láyọ̀. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni àwọn àgbà obìnrin máa ń gba iṣẹ́, wọ́n á dì í mú, wọ́n á máa kí i, ọkùnrin á bọ́ síta. Kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bọ́ síta: ọkùnrin wà lára àwọn tó ń gbẹ̀bí nílé ìṣègùn ìbílẹ̀ títí dòní, àwọn ìyá ń lọ bá wọn, wọ́n ń gbé ọmọ wọn délé. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní "àṣà Yorùbá ò fàyè gbà á", mo máa ń bi í pé àṣà ilé ta ni.

Ní yunifásítì wa lónìí, ọkùnrin tó ń ka nọ́ọ̀sì ń kọ́ ìgbẹ̀bí, ó sì ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni wọ́ọ̀dù. Ìyá ọkọ á dúró sẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe nọ́ọ̀sì obìnrin." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, dókítà ọkùnrin tí kò ju nọ́ọ̀sì yẹn lọ lọ́jọ́ orí á wọlé, ìyá ọkọ kan náà á kúnlẹ̀: "Dókítà, ẹ gbà wá o, ìkúnlẹ̀ abiyamọ!" Mi ò dá ìyá náà lẹ́bi. Ohun tí òfin 1902 kọ sínú ìwé ni òun fi ẹnu sọ: ọkùnrin tó bá láṣẹ lè wọlé, èyí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú kó dúró síta. Àmọ́ bí aboyún fúnra rẹ̀ bá ní òun ò fẹ́ ọkùnrin, yálà nítorí ẹ̀sìn, tàbí nítorí ohun tí ọkùnrin kan ti fi ojú rẹ̀ rí, tàbí láìsọ ìdí kankan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló yẹ kó lékè, kí wọ́n sì bi í léèrè nípa dókítà pẹ̀lú.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ilẹ̀kùn ti ṣí ní Ìlú Ọba. Nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ọ̀sì níbẹ̀, bí 11 ni ọkùnrin. Nínú ọgọ́rùn-ún agbẹ̀bí, ọkùnrin kò tó ẹyọ kan. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nígbà náà pé ọkùnrin á ya wọlé gba iṣẹ́ náà kò ṣẹ.

Ìdènà tó kù báyìí kò sí nínú òfin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí tó lè gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ọmọ bí 40, lábẹ́ ojú agbẹ̀bí tó ń kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin á wọlé, á kí ìyá, á sọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ọ á sì bi ìyá bóyá ó lè dúró. Bí ìyá bá ní rárá, á jáde, ọmọ yẹn ò sì ní wọ iye tó gbọ́dọ̀ gbà. Obìnrin tí wọ́n béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìrora ti ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan níṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ò lè rò ó dáadáa; ó lè gbà nítorí kò rí ọ̀nà láti kọ̀, ó lè kọ̀ nítorí ẹ̀rù ń bà á. Ilé ìtọ́jú aboyún ló yẹ kí wọ́n ti bi í, ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí wọ́n sì fi dókítà kún ìbéèrè náà. Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé rẹ̀, kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà lè rí i kó tó kan ilẹ̀kùn.